Èsì wa sí Àlájà tó fún wa ní ìràwọ̀ 2 lórí sàláàdì èso

Àlájà, ẹ kú ìnáwó wòlímọ̀ o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ fi kéwú náà ṣe rere.

A ti ka ohun tí ẹ kọ dáadáa. Ẹ ní ike sàláàdì mẹ́ta tí a gbé wá sí Gáá Àkànbí ní Ìlọrin ní aago 10 òwúrọ̀ ti di ọbẹ̀ nígbà tí àwọn àlejò fẹ́ jẹ ẹ́ ní aago 2 ọ̀sán. Ẹ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú rẹ̀ ti dúdú, àti pé nígbà tí ẹ da yógọ́ọ̀tì sí ike kẹta, ńṣe ló korò. Ẹ wá fura pé èso àjẹkù ọjà la fi ṣe é.

Èso àjẹkù kọ́, àárọ̀ ọjọ́ náà la ra gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò ní torí ìyẹn sọ pé ẹjọ́ yín ni. Ọwọ́ tiwa ni ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wá, ní ti kíkorò náà, ó yẹ ká ti kìlọ̀ fún yín kí a tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ká mú ti omi. Nínú ìdá 100 wọ́tàmẹ́lọ̀n, ó ju 90 lọ tó jẹ́ omi. Bí ọbẹ bá ti kàn án báyìí, omi ti ń jò nìyẹn. Ẹni tó po tiyín wá da oyin lé gbogbo rẹ̀ lórí kó tó de ike, ibẹ̀ gan-an ló ti bàjẹ́. Oyin, ṣúgà, iyọ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe lára èso tí a ti gé: wọ́n á fa omi inú rẹ̀ jáde. Láàárín wákàtí mẹ́rin, ìbẹ́pẹ á rọ̀, wọ́tàmẹ́lọ̀n á di kànrìnkàn, omi á sì gun ike dé ìdajì. Láti ìsinsìnyí lọ, ìgò kékeré lọ́tọ̀ la ó máa fi omi àdídùn rán. Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ni yóò dà á sí i.

Wọ́tàmẹ́lọ̀n fúnra rẹ̀, ẹ má gé e wẹ́wẹ́. Kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó oríkèé àtàǹpàkò, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀. Ẹ dà á sínú asẹ́, ẹ gbé asẹ́ lé abọ́, kí ó jò fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Omi tó bá wà nínú abọ́ kò ní í ṣòfò: ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, ẹ gbé e sínú fíríìjì, ó dára ju mínírà lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́tàmẹ́lọ̀n tó lè bá àwọn yòókù gbé.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Èròjà kan wà lára òun àti ápù tó jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ bá ti bá a níbi tí a gé, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á sì dúdú. Kíkan inú ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń dá a dúró. Fún ápù, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan sínú ife omi méjì, ẹ rẹ ápù tí ẹ gé síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ sẹ́ ẹ. Funfun ni ẹ ó bá a títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò gbọ́ irú ìyẹn. Bí ẹ bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, kò ní tètè dúdú, ṣùgbọ́n á máa yọ̀ bí ilá. Lójú tiwa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe èso ìrìnàjò. Ẹ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú èèpo rẹ̀, kí ẹ wá gé e nígbà tí abọ́ bá ti wà níwájú àlejò. Bí a ṣe máa rán an nìyẹn báyìí, ní odidi.

Ohun tó korò nínú ike kẹta ni ọ̀pẹ̀yìnbó àti yógọ́ọ̀tì tí wọ́n pàdé. Ọ̀pẹ̀yìnbó tútù ní ohun kan nínú tí wọ́n ń pè ní bromelain, tó máa ń tú purotéènì ká. Òun náà wà lára ohun tó ń ta wá láhọ́n bí a bá jẹ ọ̀pẹ̀yìnbó púpọ̀. Bó bá bá purotéènì inú wàrà tàbí yógọ́ọ̀tì pàdé, á gé e jẹgẹjẹgẹ, ẹnu á máa gbọ́ kíkorò, yógọ́ọ̀tì náà á sì ṣàn. Kì í ṣe pé yógọ́ọ̀tì yín ti bàjẹ́ o. Ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n tó náà ní irú tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kó ọ̀pẹ̀yìnbó àti yógọ́ọ̀tì pọ̀, kó da yógọ́ọ̀tì lé e bó ṣe ń gbé síbí sẹ́nu, kó má jẹ́ kó jókòó. Bí ẹ bá sì fẹ́ kó jókòó, ẹ bọ ọ̀pẹ̀yìnbó náà kó hó fún bí ìṣẹ́jú 5, kó tutù, nítorí iná ló ń pa ohun yẹn. Ìdí nìyẹn tí ti inú agolo kì í fi í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ní ká sọ òótọ́, ọ̀pẹ̀yìnbó bíbọ̀ kò dùn tó tútù. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ fi máńgòrò rọ́pò rẹ̀, pàápàá lásìkò ẹ̀rùn yìí tí máńgòrò ti kún gbogbo ọjà. Èyí tí kò ní fọ́nrán ni kí ẹ wá.

(Ẹnì kan béèrè lábẹ́ ọ̀rọ̀ yín pé kí ló dé tí a kì í fi kàjú sí i, nígbà tó pọ̀ ní gúúsù Kwara bẹ́ẹ̀. Kàjú máa ń gbá ni lọ́fun mú, ara rẹ̀ kò sì gba kí a fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó gé e tán ló ti ń ṣomi. Ẹ mu ún lásán.)

Ohun tó tún yẹ kí a ti kọ sára ike ni aago. Èso tí a ti gé kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí 2 lọ níta fíríìjì, bí ooru bá sì ju 32°C lọ, wákàtí 1 péré ni. Abẹ́ kánópì ní Ìlọrin nínú oṣù kẹta, ṣé ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe ń rí? Láti aago 10 sí aago 2 ti pẹ́ jù. Èyí tó bá ṣẹ́ kù sí ike lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á nù, ẹ má fi í sínú fíríìjì pé ọ̀la lẹ ó jẹ ẹ́. Ẹ gbé ike sínú kúlà lórí áìsì, kí ẹ má da áìsì sínú èso: bó bá yọ́, ọbẹ̀ lẹ tún ti sè, ta ló sì mọ omi tí wọ́n fi dì í?

Ẹ tún béèrè bí ẹ ṣe lè ṣe é fúnra yín. Fún ènìyàn 15, abọ́ kékeré kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọ̀pẹ̀yìnbó 1, ìbẹ́pẹ 1 tó tóbi díẹ̀, wọ́tàmẹ́lọ̀n ńlá ìdá mẹ́rin kan, ápù 4, kùkúńbà 2, ọ̀gẹ̀dẹ̀ 6. Omi àdídùn rẹ̀: ọsàn 2 àti ọsàn wẹ́wẹ́ 1 tí ẹ fún, oyin síbí ìjẹun 1, atalẹ̀ tútù tí ẹ rin, kí ó tó orí síbí kékeré. Bí ẹ bá máa gé ọsàn sínú sàláàdì, ẹ bó awọ funfun ara rẹ̀ kúrò pátápátá, kí ẹ yọ hóró, torí àwọn náà ń korò.

Ní ọjà, Ìpàtà ni tàbí Mandate, ẹ gbé wọ́tàmẹ́lọ̀n sọ́wọ́: kó wúwo ju bó ṣe rí lọ, kí ibi tó fi sùn sórí ilẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ibi tó bá funfun, wọ́n tètè já a ni. Ẹ gbóòórùn ìdí ọ̀pẹ̀yìnbó. Bí kò bá rùn rárá, kò tíì tó, bó bá rùn bí ẹmu, ó ti kọjá. Ìbẹ́pẹ tó gba àtàǹpàkò díẹ̀ ni kí ẹ mú. Èyí tó pọ́n yòò níta, tí inú rẹ̀ le, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kàábáìdì, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń mú èso pọ́n kíákíá, ni wọ́n fi pọ́n ọn, NAFDAC sì ti kìlọ̀ nípa ìyẹn.

Ẹ fọ èso kí ẹ tó bó o, títí kan wọ́tàmẹ́lọ̀n tí ẹ kò ní jẹ èèpo rẹ̀, nítorí ọbẹ ló máa gbé ìdọ̀tí ẹ̀yìn lọ sínú. Èyí tó le ni kí ẹ kọ́kọ́ gé: ápù, kùkúńbà, ọ̀pẹ̀yìnbó, ìbẹ́pẹ tẹ̀ lé e, wọ́tàmẹ́lọ̀n tó ti jò gbẹ̀yìn. Ọwọ́ ni kí ẹ fi pò ó, kí ẹ máa gbé e láti ìsàlẹ̀. Síbí ńlá ló ń fọ́ ìbẹ́pẹ.

Owó ike méjì nínú mẹ́ta ti padà sínú àkáǹtì tí ẹ fi sanwó. Fún ike kẹta, ẹ yan ọjọ́ tó bá wù yín, kí ẹ sọ aago tí àlejò máa jẹun gan-an. Bó bá jẹ́ aago 2, aago 1 ààbọ̀ la máa gbé e dé, nínú kúlà, pẹ̀lú ìgò omi àdídùn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a kò tíì bó.