Oòrùn Ọ̀fẹ́, Owó Iná Gọbọi

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin èèyàn mi! Bíìlì iná tún ti dé. Ó dé, ó tún ju iye tí mò ń san nígbà tí mi ò tíì ní sólà kankan lórí òrùlé lọ. Mo kà á, mo tún un kà, mo fa fóònù mọ́jú, bóyá mo ń ka òdo kan ní méjì ni. Iye yẹn náà ni. Nínú oṣù tí oòrùn mú ganrínganrín láti àárọ̀ dalẹ́!

Ẹ̀yin tí ẹ ní sólà, tí ẹ tún ní mọ́tò oníná, ẹ ò nílò àlàyé. Ẹ mọ ohun tójú ń rí.

Kí n tó tan gílóòbù kan ṣoṣo, kí n tó ṣí fíríìjì, owó ojoojúmọ́ ti ń kà. Owó kí ni? Owó pé wáyà ilé-iṣẹ́ iná kan ilé mi. Bí mo bá lọ sí ìrìn àjò, tí mo ti gbogbo ilẹ̀kùn, tí mo pa gbogbo nǹkan, ó ń kà. Bí páńẹ́ẹ̀lì mi ń fún wọn níná ní gbogbo àsìkò tí mi ò sí nílé, ó ṣì ń kà. Mo ń bá wọn ṣe iná, mo tún ń sanwó fún wọn pé wọ́n gbà á.

Ẹ wá gbọ́ iye tí wọ́n ń rà á. Lọ́sàn-án, tí iná ń ya wálẹ̀ láti orí òrùlé mi, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ mi. Iná yẹn kì í sì í rìn jìnnà o. Ilé tó fẹ̀gbẹ́ kan ògiri mi ló ń wọ̀, wọ́n á sì gba owó gidi lọ́wọ́ onílé yẹn. Tó bá dalẹ́, wọ́n á tà á fún èmi náà ní ìlọ́po mẹ́rin, ìlọ́po márùn-ún. Bí ẹni tó fi owó ara rẹ̀ gbẹ́ kànga sẹ́yìnkùlé ni mo rí, tí wọ́n ń wá pọn omi rẹ̀ lọ lọ́sàn-án, tí wọ́n sì ń fi korobá tà á fún un lálẹ́. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn nígbà kan pé ṣé a ò kúkú lè fi yúníìtì ọ̀sán san ti alẹ́ ni. Ó ní mítà ń ka tiẹ̀ ní ìdajì wákàtí, ìdajì wákàtí, pé ohun tó jáde nínú ìdajì kan ò mọ ohun tó wọlé nínú òmíràn rí. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ orúkọ ọjọ́ fún mi.

Àwọn tó tètè dé ló jẹ̀gbádùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ ní 2010 tó ń sanwó tó jọjú fún onísólà. Nígbà tó di 2019, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ àwọn tuntun. Ní California, ẹni tó bá kọ̀wé béèrè lẹ́yìn àárín oṣù kẹrin 2023, iye tí wọ́n ń fún un lórí iná tó fi ránṣẹ́ síta fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kéré sí tàwọn tó ṣáájú rẹ̀. Iná kan náà, oòrùn kan náà. Wọ́n á kọ́kọ́ pè wá pé ká wá, ká wá, ayé ń gbóná, ẹ gbà wá. Nígbà tá a bá ti gun òrùlé tán, wọ́n á yọ àkàbà.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló gbé mi dé ibi tí mo dé lónìí. Ṣájà mọ́tò ni.

Ohun tí gbogbo wa ń ṣe lèmi náà ń ṣe. Wáyà á wà nídìí mọ́tò láti ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fa nǹkan kan títí di òru, nígbà tí iná bá dínwó. Mo tẹ àkókò yẹn sínú áàpù. Ó ń ṣiṣẹ́. Mi ò fọwọ́ kàn án mọ́. Àfi bí àwọn tó ṣe ṣájà ṣe jí lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tún inú rẹ̀ ṣe láti ibi tí wọ́n jókòó sí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní òru. Ta ló bẹ̀ wọ́n? Ẹ̀rọ pa ara rẹ̀, ó tan ara rẹ̀, gbogbo àkókò tí mo tò sínú rẹ̀ sì pòórá. Kò sí lẹ́tà, kò sí àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ̀rọ tó máa ń dún sí mi létí bí mọ́tò bá kún, tó ń dún bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ṣẹ́jú, ọjọ́ tó yẹ kó dún gan-an ló yadi.

Ìyàwó mi ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, ó ki wáyà bọ mọ́tò bó ṣe máa ń ṣe, ó wọlé lọ. Ṣájà dún “kọ̀”, iná aláwọ̀ ewé ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yípo, ló bá ń fa kílówáàtì méje ní wákàtí tí iná wọ́n jù lóòjọ́. Bátìrì inú ilé ló tún wá ba gbogbo nǹkan jẹ́ pátápátá. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bátìrì yẹn ò mọ̀yàtọ̀ mọ́tò sí gílóòbù. Ohun tó rí ni pé ilé ń fa iná. Ló bá da gbogbo oòrùn tó fi ọ̀sán kó jọ sínú mọ́tò! Kílówáàtì-wákàtí mẹ́wàá, ìyẹn yúníìtì mẹ́wàá, ni bátìrì ilé gbà, ti mọ́tò gba ọgọ́ta. Ẹ ṣírò ó. Kí a tó jẹun alẹ́ tán, bátìrì ilé ti gbẹ, mọ́tò ò tíì mọ̀ pé wọ́n fún òun ní nǹkan kan, ló bá kọjú sí wáyà ìta. Látìgbà yẹn lọ, gbogbo ohun tá a bá tàn nínú ilé, owó gọbọi ni: fáànù, tẹlifíṣọ̀n, omi gbígbóná táwọn ọmọ fi ń wẹ̀. Nígbà tí òru wá dé tí iná wá dínwó, mọ́tò ti kún, ó jókòó jẹ́ẹ́ níta, kò fẹ́ nǹkan kan mọ́.

Bó ṣe ń rí lálaalẹ́ nìyẹn, a ń sùn, a ń hanrun, títí bíìlì fi dé.

Mo pe àwọn oníṣájà. Orin ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí mi létí títí etí mi fi di. Ọmọbìnrin kan wá gbé e, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù: “Ẹ má bínú sà. Ṣé ẹ ti gbìyànjú kí ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn?” Mo ní ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ pa á lóru, ẹ̀yin lẹ tàn án, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ mi sà, pé kí n bá àwọn tó ta bátìrì sọ̀rọ̀. Àwọn oníbátìrì ní bátìrì ṣe ohun tó yẹ kó ṣe, kí n lọ bá àwọn onímọ́tò. Àwọn onímọ́tò ní mọ́tò náà ní àkókò tiẹ̀ nínú, kí ló dé tí mi ò lo ìyẹn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dán an wò ẹ mọ̀ pé bí mọ́tò bá ní àkókò tiẹ̀, tí ṣájà náà ní tiẹ̀, àwọn méjèèjì á máa wojú ara wọn ni, ilẹ̀ á sì mọ́ bá mọ́tò lófìfo. Mo padà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ iná. Ọ̀rọ̀ tiwọn kúrú: mítà kì í purọ́.

Mítà kì í purọ́! Èmi wá ni mo ń purọ́ nìyẹn.

Àti pé yúníìtì tí mítà ń kà yẹn gan-an, ṣé gbogbo rẹ̀ ló ń dé inú mọ́tò ni? Mẹ́wàá á jáde, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló máa dé ibẹ̀, ìyókù á di ooru lójú ọ̀nà. Ta ló ń sanwó ooru? Ẹ fọkàn balẹ̀, èmi ni.

Ẹnìkan á tún sọ pé kí n máa fi oòrùn nìkan ṣájì lọ́sàn-án. Ọ̀sán wo? Ọ̀sán tí mọ́tò wà níbi iṣẹ́? Bó bá sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, ṣájà ò lè fa iná tó rẹlẹ̀ ju áḿpù mẹ́fà lọ, ìyẹn nǹkan bíi kílówáàtì kan ààbọ̀. Kùrukùru kékeré báyìí kọjá lójú oòrùn, “kọ̀”, ó dúró. Ó kọjá tán, “kọ̀”, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kọ̀, kọ̀, kọ̀, láti àárọ̀ dọ̀sán, títí ìyàwó mi fi ní kí n lọ yọ wáyà náà kí orí òun tó fọ́.

Mi ò tíì sọ ti ọjọ́ tí iná ìta lọ lọ́sàn-án gangan. Oòrùn wà lókè, páńẹ́ẹ̀lì ń dán lórí òrùlé, bátìrì kún, fíríìjì sì kú fin-ín. Ínfátà ti pa ara rẹ̀. Wọ́n ní kí iná mi má baà gbé ẹni tó ń tún wáyà ṣe lórí òpó ni. Mo gbà, mi ò fẹ́ kí iná gbé ọmọ ọlọ́mọ. Àmọ́ wọ́n wá ní ẹ̀rọ kan wà tí á já ilé mi kúrò lára wáyà ìta, tí á sì jẹ́ kí n lo iná mi bó ṣe wù mí. Ọ̀tọ̀ lowó ìyẹn. Ẹni tó wá ta gbogbo rẹ̀ fún mi, tó fi ẹ̀rín àti àwòrán aláràbarà ṣàlàyé títí ilẹ̀ fi ṣú, kò rántí sọ ìyẹn.

Nínú gbogbo èyí, àna mi kan á tún wá jókòó sí pálọ̀, á na ẹsẹ̀: “Ẹ̀yin tẹ́ ò sanwó iná mọ́! Ẹ ń jayé o, ẹ̀gbọ́n.” Lọ́jọ́ kan, òun náà gbé mọ́tò oníná tiẹ̀ wá, ó ní ṣé kò ní burú kí òun ṣájì díẹ̀, ṣebí ọ̀fẹ́ ni. Nírọ̀lẹ́ o! Kí ni mo fẹ́ sọ? Àna ni.

Ohun tí mò ń béèrè ò pọ̀. Iye tí wọ́n ń tà á fún mi ni kí wọ́n máa fi rà á lọ́wọ́ mi. Bí ìyẹn bá ni wọ́n lára, kí wọ́n gbé oòrùn sún sí aago méje alẹ́, kó máa ràn títí di mẹ́sàn-án, kí n lè rí i fi ṣájì mọ́tò. Wọ́n lè ṣe é lóru, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Kò pọn dandan kí wọ́n sọ fún mi.