Àwọn Ọmọkùnrin Orí Àga

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọkùnrin wa, ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Backstreet Boys. Láti ọdún 1993 tí wọ́n ti kó wọn jọ ní ìlú Orlando ni wọ́n ti ń jẹ́ ọmọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n inú wọn, Kevin Richardson, ti lé ní ẹni 50 ọdún. Fídíò kan ló jẹ́ kí n gbé kálàmù: àwọn ìyálọ́mọ wọ funfun láti òkè délẹ̀, wọ́n kún gbọ̀ngàn Sphere ní Las Vegas fọ́fọ́, wọ́n sì ń sunkún bí ẹni tí òkú rẹ̀ jí.

Ọgbọ́n àga ni mo kan sáárá sí jù. Nínú fídíò orin As Long as You Love Me, àga ni wọ́n fi ń jó. Wọ́n jókòó, wọ́n dìde, wọ́n yí àga po, wọ́n fẹsẹ̀ lé e, wọ́n tún jókòó, ayé sì pa igbe. Ta ló mọ̀ pé ìjókòó lásán lè sọ ènìyàn di ọlọ́lá? Èmi tí mo ti jókòó sí ọ́fíìsì fún 20 ọdún, tí mo ń dìde nígbà tó bá yẹ, tí mo tilẹ̀ mọ àga yí po, kò sẹ́ni tó pariwo orúkọ mi rí àfi ọ̀gá mi, tìbínú-tìbínú sì ni. Ní ọjọ́ orí tí wọ́n wà yìí, ó dá mi lójú pé ìgbà tí ijó bá kan jíjókòó ni inú orúnkún wọn ń dùn jù.

Òótọ́ ni pé Millennium, àwo orin wọn ti ọdún 1999, tà ju mílíọ̀nù kan lọ ní Amẹ́ríkà láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré. Ẹ gbọ́ orin kan nínú rẹ̀, I Want It That Way, ná: olórin ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe fẹ́ ẹ, kò sì fẹ́ gbọ́ kí olólùfẹ́ rẹ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe fẹ́ ẹ. Kí ló ń fẹ́ gan-an? Ẹ̀yin àgbààgbà tí ẹ ń da omi lójú pòròpòrò sí orin tí ẹ kò lè túmọ̀, ojú kò tì yín? Lou Pearlman tó kó wọn jọ, ẹni tí ilé ẹjọ́ jù sẹ́wọ̀n ọdún 25 ní 2008 nítorí jìbìtì, ti mọ̀ yín tipẹ́.

Wọ́n á ní ìlara ló ń dà mí láàmú. Èmi náà gbé àga jó lẹ́ẹ̀kan nígbà èwe mi, níwájú ọmọbìnrin kan tó fẹ́ràn Nick Carter, ọ̀kan nínú wọn, ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ; àga náà ká pọ̀, ìka mi há sí i, ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ìka náà kò nà tán títí dòní. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wo fídíò Las Vegas yẹn, tí mo ń dá a dúró díẹ̀díẹ̀, bóyá mo lè rí ojú rẹ̀ láàárín àwọn aláṣọ funfun.