Skúùlù Iṣẹ́ Ọnà, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ààrò Yín Ná

Tẹ́ ẹ bá wọ skúùlù iṣẹ́ ọnà lásìkò yìí, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa rí àwòrán òkun tó ń kún, igbó tó ń jóná, ayé tó ń gbóná sí i, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yà á, wọ́n ń gbẹ́ ẹ, inú wa sì dùn sí i gan-an torí ọ̀rọ̀ ayé wọn ni. Àmọ́ ẹ rìn dé ẹ̀yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń sun amọ̀, gáàsì ló ń jó níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, nígbà míì ìdajì ààrò ṣófo. Ibẹ̀ yẹn gan-an la fẹ́ kí àwọn aláṣẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lára pósítà, kì í sì ṣe lára igi gbígbìn.

Amọ̀ líle tí wọ́n ń pè ní stoneware, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sun ún dé nǹkan bíi 1,300°C, bẹ́ẹ̀ glaze (ohun tí wọ́n ń kùn sára amọ̀ kó lè máa dán) tó ń jinná ní nǹkan bíi 1,220°C ti wà tipẹ́, ife tó bá sì tibẹ̀ jáde lágbára dáadáa. Ẹni tó bá wo ìwọ̀n 80 péré yẹn lè ní kí ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ààrò bá ṣe ń gbóná sí i náà ni ooru ń sá jáde lára ògiri ẹ̀ sí i, òkè pátápátá yẹn ni gáàsì ti ń ṣòfò jù. A mọ̀ pé àwọ̀ kan wà o, bíi pupa tó ń tinú bàbà wá àti àwọ̀ ewé celadon ti àwọn ará Ṣáínà, tí kì í jáde dáadáa àfi tí iná bá jó láìsí atẹ́gùn tó tó, kí wọ́n fi ààrò gáàsì kékeré kan sílẹ̀ fún ìyẹn, kí ìyókù bọ́ sórí iná mànàmáná.

Ti gíláàsì tiẹ̀ tún le jù, tọ̀sán tòru ni ààrò ẹ̀ ń jó ní nǹkan bíi 1,100°C bí kò tiẹ̀ sẹ́nìkankan níbẹ̀, torí tí wọ́n bá ń pa á tí wọ́n tún ń tàn án, ìkòkò inú ẹ̀ tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì lè sán. Kí ló dé tí wọn ò lè kó gbogbo kíláàsì gíláàsì sínú oṣù díẹ̀ láàárín ọdún, kí wọ́n wá pa ààrò náà pátápátá nígbà tó kù? Àwọn tó ń rọ aluminium náà, àlòkù ni kí wọ́n máa yọ́, torí agbára tó ń lọ sí i ò ju nǹkan bíi 5% èyí tí wọ́n fi ń ṣe tuntun.

Ẹnìkan lè ní tí iná mànàmáná ọ̀hún bá tinú èédú wá ńkọ́? Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí skúùlù fi gbọ́dọ̀ ra iná tó ń wá látara oòrùn tàbí afẹ́fẹ́, tàbí kó gbé sólà sórí òrùlé kó sì máa sun amọ̀ nígbà tí oòrùn bá mú. Ohun tí a ò fara mọ́ rárá ni kí skúùlù máa jó gáàsì ẹ̀ lọ kó wá máa sanwó fún ẹlòmíì níbòmíì pé kó bá òun dín èéfín kù, a ò sì fara mọ́ kí wọ́n di ìnáwó yìí ru akẹ́kọ̀ọ́, torí ọmọ tí ò lówó lọ́wọ́ ló máa kọ́kọ́ fi amọ̀ sílẹ̀.

Kí wọ́n fi mítà sí ààrò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ iye gáàsì àti iná tó jó lóṣooṣù sára ilẹ̀kùn níbi tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti máa rí i, tó bá sì fi máa di sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tanná sí ààrò tí ò kún mọ́.