Ewé tútù kì í ṣe ẹ̀rí ìlera
Ẹ kọ ọ́ pé àwọn ọmọ igi eléso tí wọ́n fẹ́ kó wọ Iléṣà láti òkè òkun kò lábùkù, nítorí pé ewé wọn tutù yọ̀yọ̀. N kò fara mọ́ èyí rárá. Kòkòrò àìfojúrí Xylella, tí wọ́n ṣàwárí ní 2013 pé ó ń pa igi ólífì ní gúúsù Ítálì, ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kó bá igi kọfí wọlé láti Costa Rica, bẹ́ẹ̀ igi tó ti kó o lè pẹ́ kó tó fi àmì hàn. Nítorí irú àìsàn tó ń fara pamọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ya igi kòkó sọ́tọ̀ fún nǹkan bí ọdún 2 ní Reading, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n má wo ewé nìkan: ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ gbòǹgbò àti iyẹ̀pẹ̀ ìdí àwọn ọmọ igi eléso náà wò dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, nítorí owó kòkó ni bàbá mi fi rán mi nílé ìwé.