Òkúta nìkan kọ́ o

Bọ̀dá mi, ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ láàárọ̀ pé kí ìjọba sáà kó òkúta sétí òkun láti Èkó dé Ayétòrò ní Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí òkun má baà jẹ ilẹ̀ mọ́, pé ó parí nìyẹn, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òótọ́ ni pé Ògbómọ̀ṣọ́ níbí jìnnà sókun, àmọ́ ṣé a ò mọ ọ̀gbàrá ni? Aládùúgbò wa kan fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ iwájú ilé ẹ̀, tiẹ̀ dáa o, àmọ́ ṣe lomi yà sọ́dọ̀ wa, ó gbẹ́ ìdí fẹ́ǹsì wa títí búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ fi yọ síta bí eyín.

Bókun náà ṣe ń ṣe nìyẹn. L'Ékòó, ìgbì máa ń wọ́ yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Láàárín 1908 sí 1912 ni wọ́n to òkúta wọnú òkun lẹ́nu ibi tí ọkọ̀ ń gbà wọlé, kí yanrìn má baà dí i pa. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ yanrìn wá jókòó sápá ìwọ̀-oòrùn, Bar Beach tó wà lódìkejì ò rí gbà mọ́, òkun wá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi da yanrìn síbẹ̀ nígbà náà, tí òkun ń kó o lọ.

Ti Ayétòrò tiẹ̀ tún le, torí ẹrẹ̀ ló pọ̀ létí òkun Ìlàjẹ, òkúta tó wúwo lè rì sínú ẹ̀. Torí náà kí wọ́n tó da tírélà òkúta kan síbẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ibi tí yanrìn ń gbà, àti ta lókun máa yà sí lára.