Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́

Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ Ọ̀dọ́gùnyàn wá bá mi nírọ̀lẹ́ Sátidé, ìwé ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé náà, níbi tí wọ́n máa ń tẹ àkọsórí ìsọdipúpọ̀ sí, ló ti ṣe ìṣirò.

"Àǹtí, ẹ bá mi wò ó. Ọmọ méjì, bàbá wọn ò sí nílé, mo sì fẹ́ lọ yunifásítì."

Ó ní nígbà tí òun sọ ọ́ níbi iṣẹ́, ohun tí wọ́n fi dá òun lóhùn ni pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Òwe náà ò ṣẹ̀ mí. Bí wọ́n ṣe lò ó ló bí mi nínú. A ti sọ ọ́ di òkò: bí tálákà bá gbójú sókè, a ó sọ ọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́. Òwe ò ní kí eku sùn síta. Ó ní kó kọ́ ìtẹ́, kó kàn wọn ara rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Eku tó bá sì ti bímọ, tòun tọmọ là ń wọ̀n.

Èmi náà ti kọ́ ìtẹ́ tó jù mí lọ rí. Ọmọ ọdún 38 ni mí nígbà tí mo wọlé sí yunifásítì, mò ń ta mílíìkì, ṣúgà àti bísíkíìtì ní Sábó. Owó ọjà ni mo kó san gbogbo owó iléèwé lẹ́ẹ̀kan, torí ojú ń tì mí láti tọrọ àsìkò láàárín àwọn ọmọ kéékèèké. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, páálí òfìfo ni mo tò sórí pẹpẹ kí ṣọ́ọ̀bù má baà dà bí ilé òkú. Ẹni tó bá béèrè mílíìkì, ma ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tán ni. Ìdánwò méjì ló fò mí ru ní sáà yẹn. Owó iléèwé wà ní sísan, owó ọkọ̀ ni ò sí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bínú sí ìṣirò àbúrò mi. Owó iléèwé nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní kó kọ owó ọkọ̀ láti Ìgbógbó sí i, kó kọ dátà, kó kọ fọ́tòkọ́pì, kó wá kọ ẹni tó máa mú àwọn ọmọ lọ́jọ́ tí ìdánwò bá bọ́ sí ìrọ̀lẹ́. Ó kọ mẹ́ta àkọ́kọ́. Nígbà tó kan ìkẹrin, ó gbé bírò sókè, ó ń wò mí.

A kọ́kọ́ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Pólì Ìkòròdú tí ìjọba Èkó sọ di yunifásítì ní 2022 (àwa ò tíì yé pè é ní Pólì) kò jìnnà sí i, kò ní bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 jà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiẹ̀, àárọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, òru lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí èèyàn lè máa kàwé rẹ̀ láti ilé, ló bá a mu jù. Wọn kì í béèrè ìdánwò JAMB, ìwé mẹ́wàá tó yege ni wọ́n ń wò. Yàtọ̀ sí owó tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń san, iye kọ́ọ̀sì tó o bá mú ni wàá san tirẹ̀. Tó bá jẹ́ mẹ́ta lagbára rẹ ká, mú mẹ́ta. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, nítorí náà NYSC ò ní gbà á lọ́dún kan. Ìwé ìdásílẹ̀ ni wọ́n máa fún un.

Ó béèrè NELFUND. Ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí òfin rẹ̀ lóṣù kẹrin 2024 nìyẹn, kò lélé, iléèwé gan-an ni wọ́n ń san owó náà fún, wọ́n sì ń fi ₦20,000 lóṣù ṣe owó ìgbọ́bùkátà fún ẹni tó bá béèrè. Kí èèyàn kọ́kọ́ wádìí bóyá ètò tóun ń kà wà nínú ẹ̀ kó tó gbọ́kàn lé e.

Èmi o, èésú ni mo fọkàn tán jù. Àwọn méjìlá ló ń dá a níbi iṣẹ́ wọn, oṣù kejìlá ló sì máa ń kó tiẹ̀, fún aṣọ ọdún. Mo ní kó bẹ ẹni tó ni oṣù ìforúkọsílẹ̀ kí wọ́n jọ ṣe pàṣípààrọ̀. Àwọn ọmọ á wọ ti èṣí.

A wá padà sí ìkẹrin. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwọn ọmọ kéékèèké tí mò ń tijú fún nígbà náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mò ń se ìrẹsì tí wọ́n ń jẹ tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo bi í pé kí lòun náà lè ṣe fún aládùúgbò.

Ó ronú títí. "Ìyá ẹlẹ́kọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ń wá ẹni tó máa bá a gbé àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ ní Sátidé."

Àlàfo ti tán lẹ́yìn ìwé náà. Ó kọ ọ́ sórí àkọsórí, láàárín ìlà méje àti mẹ́jọ: àgbàdo, Sátidé, aago méje.