Ẹ Jẹ́ Kí Àwo Kọrin Tán

Àwọn tó ti ń fi rédíò gbọ́ àpàlà, sákárà àti wákà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ láti ìgbà tí irun orí wọn ṣì dúdú ti ń pa rédíò wọn báyìí. Wọn ò wọ́de, wọn ò sì kọ̀wé ẹ̀sùn sí ọba kankan. Bí ètò tí wọ́n ń dúró dè bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbọ́ ọ díẹ̀, wọ́n á pòṣé, wọ́n á yí i pa. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ò tètè mọ̀, nítorí ẹni tó fẹ́ pa rédíò kì í kọ́kọ́ pè wọ́n láti dágbére. Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé àwọn àgbà olùgbọ́ wọ̀nyí jàre, ilé iṣẹ́ rédíò ló jẹ̀bi, ó sì yẹ kí wọ́n tún un ṣe kíákíá.

Kí ẹnikẹ́ni má yí ẹ̀sùn wọn po. Nínú gbogbo àwọn tó bá wa sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, a ò rí ẹni tó ní kí rédíò má lu orin àwọn ọ̀dọ́. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ètò orin àtijọ́ tó máa ń wà lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi ti di ètò òru, nígbà tí àgbàlagbà ti sùn. Àkókò tí wọ́n ń fún un tẹ́lẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì. Nínú ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù, alágbo jẹ̀dí á gba tirẹ̀, onítẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù á gba tirẹ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á fi òmíràn kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Èkó àti Dubai. Àwo tó bá wá rójú ráyè bọ́ sórí afẹ́fẹ́, wọ́n á gé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n á ti òmíràn bọ̀ ọ́.

Ibi gígé yìí gan-an la fẹ́ dúró sí, nítorí ẹni tí kò mọ orin náà lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Nígbà tí àwo ṣì jẹ́ èyí tó ń yí ní ìgbà 78 láàrin ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ kan kò gbà ju orin bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Kíá ni olórin gbọ́dọ̀ sọ tẹnu rẹ̀ kí àyè tó tán. Nígbà tí àwo ńlá, elpíì, dé, tí ojú kan rẹ̀ lè gba bí ogún ìṣẹ́jú, àwọn baba wa olórin àpàlà mọ ohun tí wọ́n fi àyè náà ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á so orin mọ́ orin, ìlù ò ní dákẹ́ títí ojú àwo yẹn á fi tán. Wọ́n á júbà, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n á pa òwe. Ó di ìgbà tí ara bá ti yá kí wọ́n tó dárúkọ ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ kọrin, kí wọ́n tó kì í, kí wọ́n tó mẹ́nu kan ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, àdúgbò rẹ̀ àti ẹgbẹ́ tó ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi àyè sílẹ̀ fún agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti àdàmọ̀, ìlù àpàlà tó ń sọ̀rọ̀, kí àwọn náà sọ tiwọn. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá gé irú àwo bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìjúbà nìkan ni olùgbọ́ gbọ́. Ẹni tí wọ́n ń kọrin fún ò tíì wọlé.

Orúkọ èèyàn sì ni púpọ̀ nínú àwo wọ̀nyí dá lé. Àwo tí Hárúnà Ìṣọ̀lá kọ́kọ́ ṣe, ní 1948, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ àwo HMV, Orímolúsì, ọba Ìjẹ̀bú-Igbó, ló fi kì. Lẹ́yìn ọba, ó kan oníkòkó, ọlọ́kọ̀ èrò, kọ́ńtírátọ̀, ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ aláfẹ́. Èèyàn ńlá ni àwọn kan nínú wọn; àwọn mìíràn, òkìkí wọn ò kọjá Àgọ́-Ìwòyè. Ọ̀pọ̀ wọn kò fi ìwé kankan sílẹ̀, àwòrán wọn ti ṣá, ilé tí wọ́n kọ́ ti kún fún ayálégbé. Ọmọ tí baba rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ìkókó lè má gbọ́ oríkì baba náà níbòmíràn láyé yìí àfi lójú kejì àwo kan. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti di àgbà báyìí, òun ló ń jókòó ti rédíò. Ó mọ ibi tí orúkọ náà wà nínú orin. Kí àwo tó débẹ̀ ni wọ́n máa ń gé e.

Ó sì dùn wá jù pé ilẹ̀ tiwa ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni Hárúnà. Ní 1969, òun àti I. K. Dáíró, olórin jùjú, dá ilé iṣẹ́ àwo STAR sílẹ̀ kí olórin lè lọ́wọ́ nínú èrè iṣẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tó di 1979, ó kọ́ sítúdíò Phonodisk. Kò gbé e lọ sí Èkó, Ìjẹ̀bú-Igbó ló kọ́ ọ sí, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó lè gba ohùn sí ọ̀nà mẹ́rìnlélógún lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1983 ló dágbére fáyé. Bàtílì Àlàkẹ́ tó gbé wákà sínú àwo, ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Lìgàlì Mùkáíbà, olórin àpàlà ti Ẹ̀pẹ́, kò jìnnà sí wa. Agbègbè Ẹ̀pẹ́ kan náà ni Sàláwà Àbẹ̀ní ti wá, ẹni tó ṣe àwo lórí ikú Múrítàlá Mùhámmẹ́dù ní 1976 nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọdébìnrin. Bí àlejò bá wá láti ọ̀nà jíjìn tó ní òun fẹ́ gbọ́ orin wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí rédíò, ibí ló yẹ kí wọ́n júwe fún un. A ò lè fi gbogbo ẹnu sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní Ìlú Ọba, irú ẹ̀hónú yìí ti wáyé lórí orin àgbà tiwọn, ti Bach, ti Handel, ti Beethoven. Nígbà tí rédíò aládàáni Classic FM bẹ̀rẹ̀ ní 1992, apá kan ṣoṣo nínú orin gígùn ló sábà máa ń lù, inú àwọn tó mọ orin náà látòkè délẹ̀ ò sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ní BBC Radio 3, tó jẹ́ pé owó tí àwọn onílé tó ní tẹlifíṣọ̀n ń san ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Àwọn àṣálẹ́ orin Proms tó máa ń wáyé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, Radio 3 máa ń gbé e sáfẹ́fẹ́ tọ̀tún-tòsì, láìgé. Ẹni tí ti ibí ò bá tẹ́ lọ́rùn á yí i sí tọ̀hún. Ìyá àgbà tó wà ní Odògbolú, tó jẹ́ pé ìwọ̀nba ilé iṣẹ́ díẹ̀ ni rédíò kékeré ọwọ́ rẹ̀ ń gbé dáadáa, ibo ni kó yí tirẹ̀ sí?

Kì í ṣe ojúrere là ń tọrọ fún un. Nígbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì tí wọ́n ń fi wáyà fà wọlé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1935, ohùn BBC ló ń gbé ká. Ó dé Ìjẹ̀bú-Òde náà nígbà tó yá, àwọn ará ilé á kóra jọ sídìí àpótí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Nínú ìjà pé kí ohùn tiwa náà wà lórí afẹ́fẹ́, ọmọ Rẹ́mọ ló wà níwájú. Ní 1953, gómìnà òyìnbó, John Macpherson, lo rédíò ìjọba láti bẹnu àtẹ́ lu àwọn aṣíwájú Ìwọ̀-Oòrùn. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì níbẹ̀, wọ́n kọ̀ fún un. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, ìjọba rẹ̀ ṣí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí Ìbàdàn, rédíò tiwọn ò sì gbẹ́yìn. Òfin 1992 ló wá ṣílẹ̀kùn fún àwọn aládàáni. Títí dòní, ìwé àṣẹ ọlọ́dún márùn-ún ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ NBC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń lò kì í ṣe ogún baba ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ tó bá gba àṣẹ láti máa bá ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ sọ̀rọ̀ jẹ àwọn àgbà ibẹ̀ ní gbèsè, gbèsè náà ò sì pọ̀ ju wákàtí kan lójúmọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn atọ́kùn ètò náà wà níbẹ̀. A ò ní bú àwọn ọmọ tó ń jókòó ti ẹ̀rọ lónìí, wọn ò rẹ́ni kọ́ wọn ni. Àwọn àgbà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó mọ ìtàn àwo kọ̀ọ̀kan ti fẹ̀yìn tì, kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n padà kí wọ́n wá jókòó ti ọmọ tuntun fún oṣù mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí gòjé á fi máa ké kíkankíkan, tí ìlù sákárà tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n fi awọ bò, á máa dún, tí atọ́kùn ètò á sì máa pè é ní àpàlà. Èyí tó tún burú jù ni sísọ̀rọ̀ lé orin. Àdàmọ̀ kì í dún lásán, ọ̀rọ̀ ló ń sọ, àwọn àgbà sì ń gbọ́ ohun tó ń wí. Atọ́kùn tó ń polówó lé e lórí, bí ọmọdé tó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu baba rẹ̀ níwájú àlejò ló rí.

A mọ̀ pé owó ló fa púpọ̀ nínú èyí. Iná mànàmáná kì í dúró, dísù wọ́n, òṣìṣẹ́ sì ń retí owó ní ìparí oṣù. Alágbo ń sanwó, pásítọ̀ àti àfáà tó ń ra àyè ń sanwó, àpàlà ò lẹ́ni tó ń bá a ra àyè. Ṣùgbọ́n ta ló wá ẹni náà lọ? Àwọn tó ń gbọ́ orin yìí ló ń ta obì ní Ṣàgámù, àwọn ló ń pàtẹ ní Òkè-Ajé, àwọn ló ń ra páànù, ajílẹ̀ àti oògùn ojú. Oníṣòwò tó bá ń ta ohun tí àgbàlagbà ń rà yẹ kó mọ ibi tí yóò ti bá wọn. Ìjẹ̀bú kì í sì ṣe ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wá ẹgbẹ́ tì. Ẹ wo bí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu, ṣe máa ń jáde ní Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, Bọ́bagbìmọ̀, Gbọ́baníyì, Bọ́bakẹ́yẹ àti àwọn yòókù, ẹ wo aṣọ, ẹ wo ẹṣin, ẹ wo ìlù. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan lè san owó ètò oṣù kan, kí òmíràn gba oṣù tó tẹ̀ lé e. A ò gbọ́ ọ rí pé rédíò kankan lọ bá wọn pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n kọ̀.

Àwọn kan á ní gbogbo orin náà ti wà lórí YouTube. Díẹ̀ wà níbẹ̀. Dátà tí wọ́n á fi gbọ́ ọ wọ́n, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n gbé síbẹ̀ ò sì ní ọdún, kò ní orúkọ onílù, nígbà mìíràn orúkọ olórin gan-an kì í tọ̀nà. Yàtọ̀ síyẹn, orin tí èèyàn fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tó ń kì bọ etí gbọ́ lórí fóònù, òun nìkan ló gbọ́ ọ. Ti rédíò, aládùúgbò á yọjú lójú fèrèsé, á pariwo pé, “Ìyá Sùúrù, ẹ gbọ́ o, bàbá yín ni wọ́n ń kì yìí!” Ní ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n sọ pé wọn ò fẹ́ àpàlà, ṣé kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ ló jó ti Músílíù, ọmọ Hárúnà, kiri òde àríyá ní nǹkan bí ọdún 2000? Wọ́n gbọ́ ọ, ó wù wọ́n. Àwọn tòní ò tíì gbọ́ odindi rẹ̀ rí.

Ohun tí à ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ò lọ́jú pọ̀. Wákàtí kan lójúmọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ojú àwo kan pérépéré, láìgé, láìsọ̀rọ̀ lé e. Kí àwo tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n dárúkọ olórin, ọdún tó ṣe é, àti onílù bí orúkọ rẹ̀ bá wà lẹ́yìn páálí. Ìpolówó lè wà láàrin àwo kan sí èkejì, ìyẹn ò bí wa nínú. Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó yẹ kí wọ́n dá sí i, kí wọ́n bá àwọn ilé iṣẹ́ rédíò gba ohùn àwọn àwo tó ṣì wà nílé àwọn èèyàn sínú kọ̀ǹpútà kí ooru tó ká wọn kò, kí ikán tó jẹ páálí wọn tán. Ẹ̀yin ẹbí tí àwo bàbá yín ṣì wà lórí àjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fún onípàǹtí.

Ilé iṣẹ́ rédíò tó bá gbà láti ṣe bẹ́ẹ̀, kó fi ọjọ́ àti aago ránṣẹ́ sí wa. A ó máa tẹ̀ ẹ́ lófẹ̀ẹ́ sí ojú ewé kejì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn tó ti pa rédíò wọn lè mọ ìgbà tí wọn yóò tún tàn án.